Ìwé Ìrìnàjò Èmi àti Lòsótù

Ìwé kékeré ni, olójú-ewé ogójì,
ọmọ-ọmọ mi ti fi ìdajì rẹ̀ ṣe ìṣirò kó tó di tèmi.
Lẹ́yìn àmì "o kùnà" tí tíṣà fi bíírò pupa fà,
mo kọ ọ́ gàdàgbà: ÀKÚRẸ́. ỌDÚN IṢẸ́-ỌNÀ. OṢÙ Ọ̀PẸ.
Mo fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Owó ọkọ̀ àlọ. Owó ọkọ̀ àbọ̀.
Owó bọ̀ọ̀lì ní Ọ̀wẹnà,
nítorí Lòsótù ní òun ò lè kọjá afárá yẹn
kí ẹnu òun dilẹ̀.
Owó ẹnu ọ̀nà, bí wọ́n bá ń gbà á.
Owó oògùn orúnkún mi: ìyẹn, wínníwínní ni mo kọ ọ́,
kí Lòsótù má baà rí i kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́,
kí n tó rántí.
Lòsótù ò rí ìwé kà mọ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni ojú ọ̀hún ń lọ,
bí ìgbà tí èèyàn ń pa àtùpà ilé ńlá,
láti yàrá kan bọ́ sí òmíràn.
Òun tó jẹ́ pé, nígbà tí a jọ ń yẹ kòkó wò fún ìjọba,
á fi ọ̀bẹ la hóró kan ṣoṣo,
á ní, "Èyí sá oòrùn ọjọ́ mẹ́ta, ó ku méjì,"
àgbẹ̀ á tẹrí ba, á sì di àpò rẹ̀ padà.

Mo ní, "Lòsótù, àwòrán ni wọ́n ń pàtẹ o.
Wọ́n ní ọmọ Ìjàrẹ́ kan ya ewúrẹ́ sára pátákó,
ni òbúkọ tòótọ́ bá wá ń kàn án.
Kí lo fẹ́ lọ wò níbẹ̀?"
Ó ní, "Ìwọ ni wàá wò ó.
Èmi á gbọ́ ọ."

Ìyẹn la ṣe ń dánra wò láti ọjọ́ Ajé
ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ní Òkè-Lísà.
Mo gbé kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kúrò lára ògiri.
"Obìnrin kan rèé, ó wọ aṣọ pupa."
"Pupa wo?"
"Pupa ni, Lòsótù."
"Ṣé bí epo tuntun? Ṣé bí ojú ọgbẹ́?
Àbí bí ọ̀nà oko wa lẹ́yìn òjò?"
Ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mo ti fi ń ríran,
ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí.
Mo tún wò ó. Mo gbé e súnmọ́ fèrèsé.
"Ó dà bí kòkó tó pọ́n tí wọ́n gbàgbé sórí igi,
tí ọ̀kẹ́rẹ́ ti dá ojú kan lu lára rẹ̀."
Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mo ti rí i. Máa bá a lọ."

Mo wá ń kọ wọ́n sínú ìwé, lábẹ́ owó ọkọ̀.
Funfun: kì í ṣe báláú, ti ọyẹ́ lẹ́sẹ̀ ọmọdé ni.
Àwọ̀ ewé: ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí.
Dúdú: òkúta Ìdànrè nígbà tí òjò bá dá;
irun Adùnọlá lọ́dún tó kọ̀ mí, tó fẹ́ Lòsótù.
(Wínníwínní ni mo kọ ìyẹn náà.
Àṣà ò tètè fini sílẹ̀.)

Awakọ̀ ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ Sátidé, kò ní dúró de arúgbó.
Mo ti fi bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà.
Lálẹ́ àná, Lòsótù gbójú sókè,
ó ní, "Ojú ọ̀run ńkọ́, báyìí?"
Iná ti lọ ní gbogbo àdúgbò. Òṣùpá ò yọ.
N kò rí ju bí òun ṣe rí lọ.
Mo ní, "Ṣe sùúrù ná, mò ń wá ọ̀rọ̀."
Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi,
ó ń dúró.