Èsì fún Ẹni Tó Ní Ọ̀pá Ọfà Mi Wọ́n

Ọ̀gbẹ́ni Pruett, lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́.
Ẹ ní ọ̀pá méjìlá, oṣù mẹ́rin, owó gọbọi.
Ẹ ní ṣọ́ọ̀bù onírin tó wà ládùúgbò yín
ń ta ọ̀pá roboto lówó pọ́ọ́kú.
Mo mọ̀ wọ́n. Ẹ fi wọ́n gbé kọ́tìnì.

Níbi tí mò ń gbé, létí òkun Orígọ́nì,
òjò ń rọ̀ títí ẹ̀yìn ewúrẹ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ hu koríko.
Kédárì tiwa kì í ṣe ti inú Bíbélì.
Ẹ sọ àáké sí i, òórùn atalẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí yín,
bí ẹni pé ẹnìkan ń po tíì nínú igi.

Igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó.
Bàbá bàbá mi wà lára àwọn tó gé wọn,
ọkọ̀ ojú omi kó wọn lọ síbi tí a ò mọ̀.
Èyí tó ṣẹ́kù ń kú láti ìsàlẹ̀:
àrùn kan wà nínú ẹrẹ̀, ó ń gun bàtà, ó ń gun táyà,
ó ń bá omi ṣàn dé gbòǹgbò.
Kí n tó wọgbó, mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ bàtà mi
bí ẹni tó fẹ́ wọ yàrá aláìsàn.
Mo máa ń fọ ẹsẹ̀ ajá náà. Ajá kò fẹ́ràn rẹ̀.

N kì í gé èyí tó wà láàyè.
Òkú igi ni mò ń wá, èyí tó ti kú lóòró fún ogójì ọdún,
tí èèpo rẹ̀ ti bọ́, tó funfun bí egungun,
tí kòkòrò wò ó títí, tó yà á sílẹ̀.
Ọ́fíìsì igbó fún mi níwèé àṣẹ igi kan.
Igi kan, Ọ̀gbẹ́ni Pruett, fún odindi ọdún.
Ti ọdún yìí, nígbà tí mo là á, ó lọ́.
Iṣan rẹ̀ yí láti ìdí dé orí bí ìwo àgbò.
Mo jókòó tì í. Mo jẹ búrẹ́dì mi. Mo darí wálé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wo ọgbà ewúrẹ́.
Òpó mọ́kànlélógún. Torvald bàbá mi ló là wọ́n
lọ́dún tí wọ́n bí mi, irin ìlagi àti òòlù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Mo fi ọ̀bẹ ha ara òpó kẹta.
Atalẹ̀.
Mo hú u, mo ri páìnì lásán sí ipò rẹ̀.

Lílà ni mo máa ń la igi ọfà, n kì í fi ayùn rẹ́ ẹ.
Ayùn kì í gbọ́ ohun tí iṣan ń sọ,
ó ń gba àárín wọn kọjá bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn.
Níbi tí iṣan bá ti sá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá,
ibẹ̀ ni yóò ti ṣẹ́ lẹ́nu ọrun,
apá yín ni èérún rẹ̀ yóò sì wọ̀.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ìyẹn mọ́ owó.

Mẹ́rìndínlógún ló jáde nínú òpó yẹn.
Wọ́n sùn lókè àjà, nítòsí ibi tí èéfín ń gbà jáde, fún oṣù méjì.
Mo gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé orí ìṣó méjì,
mo so irin pọ́ùn méjì kọ́ àárín rẹ̀, mo wo bó ṣe tẹ̀ tó.
Mo yọ èyí tó rọ̀ jù. Mo yọ olórí kunkun.
Mo gbé ìyókù sójú, mo dijú kan.
Igi ganganran, òkèèrè la ti ń wò ọ́.
Mẹ́sàn-án yege. Tòmátì ló ń gun méje báyìí.

Mẹ́sàn-án kì í ṣe méjìlá.
Lánàá, mo gbé irin lọ sídìí òpó kẹjọ.
Bàbá mi, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún,
ṣí fèrèsé, ó ní ta ló ń jí ọgbà òun.
Mo ní ọ̀gbẹ́ni kan ni, ní Nebráskà.
Ó ronú díẹ̀. Ó ní kí n fowó lé e.

Èmi ni,
Junia Haugstad