Ọ̀pá Ẹlíkánà

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò ní Ìgbájà,
nítorí náà, nígbà tí Olúwa ní ìgbà àádọ́rin méje,
mo mú ẹfun, mo ṣe é lára pátákó:
irinwó ó lé àádọ́rùn-ún.
Mo ní, ó dára. Iye ni. Iye a sì máa tán.

Ìlẹ̀kùn ilé ìdáná mi ni mo sọ di ìwé,
èédú ni mo fi ń kọ ọ́,
ìlà kan fún ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá dìde nínú mi
tí mo sì tún dárí ji Ẹlíkánà,
àbúrò ọkọ mi,
tó ta oko kájú tó wà lọ́nà Ìsánlú
ní ọ̀sẹ̀ tí Jétúrò wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Ìlọrin,
tí dókítà ń béèrè owó ẹ̀jẹ̀.
Báàgì méjì ni wọ́n ní ká rà.
Ọ̀kan ni agbára wa ká.

Ìlà mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ kan.
Lọ́jọ́ mìíràn, mọ́kànlá kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.
Nígbà ọyẹ́, tí kájú bá tanná,
tí òórùn rẹ̀ bá gba orí àpáta wá bá mi nílé,
èédú a tán mọ́ mi lọ́wọ́.
Ẹ má bi mí bóyá mo dárí jì í lóòótọ́.
Mo fa ìlà náà. Ó kéré tán, mo fa ìlà náà.

Jétúrò ló gbẹ́ kànga ẹ̀yìnkùlé wa.
Ó wọlẹ̀ tó ọ̀pá márùn-ún, ó kan òkúta.
Àwọn alágbàṣe kó ṣọ́bìrì wọn, wọ́n bá tiwọn lọ.
Oṣù mẹ́ta ló fi òòlù àti irin fọ́ ọ,
tó ń gòkè wá nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú eruku ní ìpéǹpéjú.
Omi tó rí kò pọ̀.
Ṣùgbọ́n kò gbẹ rí, títí kan oṣù Ẹrẹ́nà.
Kò dárúkọ ìgbàgbọ́ lẹ́ẹ̀kan.
Ó kàn ń sọ̀kalẹ̀ ni.

Lọ́dún tó kọjá, ojú Ẹlíkánà fọ́.
Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Kàdúná, fóònù ni wọ́n fi ń kí i.
Lọ́jọ́ Ìsinmi, ọ̀pá rẹ̀ kan ìlẹ̀kùn ilé ìdáná mi,
ó ń ha àwọn ìlà mi dànù, kò sì mọ̀.
“Ìyàwó, ṣé wọ́n ti lu aago?”
Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, ìyàwó náà ni mo ṣì jẹ́.

N kò lè di ọwọ́ rẹ̀ mú.
Mo di ìdí ọ̀pá náà mú, mo ṣíwájú.
Òkúta rèé. Ẹ gbẹ́sẹ̀.
Nígbà tí a dé ẹ̀bá ilé ìwé, ó ní,
“Ìyàwó, ebi kọ́ ló pa mí nígbà yẹn o.
Mo kàn fẹ́ owó ni.”
Gọ́tà wà níwájú, ni mo wí.

Oúnjẹ Olúwa ni, kò rí ife.
Èmi ni mo gbé ife kékeré náà lé e lọ́wọ́,
ìka wa kan ara wọn.
Ẹ̀jẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè owó rẹ̀,
tí kò ku báàgì kan kó pé.
Gbogbo ìjọ ṣe àmín.
Tèmi pẹ́ kó tó jáde.

A délé. Mo wo ìlẹ̀kùn:
igba ó lé díẹ̀ ni, àbí ọgọ́rùn-ún,
ọ̀pá ti pa ìyókù rẹ́.
Mo mú èédú. Mo dúró tì í.
Mo wá fi dáná.

Mo bu iṣu sí àwo méjì.
Ó jẹ ẹ́, ó ní iyọ̀ kò tó.
Ìyẹn nìkan tó ìlà kan.