Ojú Ẹyẹ

Okùn kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́tàlá dì mú
tí a fi sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè-Báálẹ̀ sí Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun.
Bàtà Mọnsúrátù já lẹ́ẹ̀mejì kí a tó dé ojú ọ̀dà.
Òórùn àbẹ́là yíyọ́ ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀
ní àgbàlá Bàbá Òjélàdé aláró.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ni mo ń wí ṣáá,
bí ẹni tó ń lé adìyẹ nídìí àgbàdo.
Mo ti kọ ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà sínú ìwé:
èyí ni ẹlú, èyí ni àbẹ́là,
ẹ wí i tẹ̀lé mi.

Baba ta aṣọ kan sórí okùn.
Ẹyẹ kan ló wà nínú rẹ̀,
ojú rẹ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ.
Mọnsúrátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.
Mo la ẹnu láti ṣàlàyé;
baba fi ìka tí aró ti pa dúdú lé ètè.
"Olùkọ́, jẹ́ kí wọ́n fi ojú jẹun ná."

Ìdákẹ́jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún kì í pẹ́,
ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn gùn.
Ọ̀kan ní ẹyẹ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.
Ọ̀kan ní ata ló jẹ.

Oyèéníran,
tí kò sọ ju "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" lọ
láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti wọkọ̀ Kútọnu,
ju okùn sílẹ̀, ó súnmọ́ aṣọ náà.
"Kì í ṣe ojú," ló wí. "Ihò ni.
Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà jáde lọ."

Kò sí èyí nínú ìwé mi.
Mo fẹ́ ní "má sunkún"; kò kúkú sunkún.
Mo fẹ́ ní "ó ti dáa"; kò tíì dáa.
Mo bẹ̀rẹ̀ títí ojú mi fi bá tirẹ̀ dọ́gba.
"Ó jìn," ni mo wí.
Ó ní, "Ó jìn gan-an."

Láti ọjọ́ náà, èédú ò wọ́n ní kíláàsì wa.
Mi ò béèrè "kí nìyí?" mọ́.
"Máa wí, mò ń gbọ́" ni mo ń sọ.
Ẹyẹ Oyèéníran kún ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà èṣí,
ihò ńlá, ihò dúdú, débi pé bébà ń ya,
títí di Ọjọ́bọ̀ kan tí òjò Òṣogbo dá,
tó ya ilẹ̀kùn kékeré sẹ́nu ihò náà.
"Mi ò tì í," ló wí.

Mi ò bi í pé ta ló fẹ́ wọlé.
Mo wá ìṣó, mo gbé e kọ́
síbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o.