Èéfín Dà?

Èédú ni mò ń tà ní ẹsẹ̀ òkè,
lẹ́yìn Ulaanbaatar, níbi tí ilé ti parí tí àgọ́ bẹ̀rẹ̀,
àgọ́ onírun àgùntàn, roboto, bí ìkòkò tó dojú bolẹ̀,
ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú páìpù tirẹ̀ lórí.
Bí mo bá wúkọ́ láàárọ̀, dúdú ni.
Ẹ má bi mí nípa ojú ọ̀run.

Dolgor wá bá mi lọ́jọ́ kan,
Dolgor tó ń kun orúkọ sára ṣọ́ọ̀bù,
tó ya orí màlúù sí ẹnu ọ̀nà ẹlẹ́ran
tí màlúù náà ń wo oníbàárà bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀.
Ó ní, "Fún mi ní agolo mílíìkì tó ṣófo, èyí tó ní ìdérí."
Ó fẹ́ sun ẹ̀ka igi etí odò nínú rẹ̀:
kò gbọdọ̀ di eérú, kò gbọdọ̀ wà ní tútù,
láàárín méjèèjì ni pẹ́ńsù aláìní ń gbé.

Bí kíláàsì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, Sátidé Sátidé,
nínú kọ̀nténà irin tí oníṣòwò kan pa tì.
Ọmọ mẹ́rin. Nígbà tí òjò dídì fi máa balẹ̀, mọ́kàndínlógún.
Wọn kì í ṣí fìlà. Ìbọ̀wọ́ ọ̀tún nìkan ni wọ́n ń bọ́.
Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àná ni wọ́n ń yà á sí,
àti ẹ̀yìn fọ́tò olóṣèlú kan tó fìdí rẹmi;
òun náà wúlò níkẹyìn.

"Ẹ ya ẹṣin," ni Dolgor wí.
Wọ́n ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré.
Àwọn wọ̀nyí ò rí ti iwájú, wọn ò rí ti ẹ̀yìn;
òtútù ti pa agbo baba wọn kí a tó kó wá sókè yìí.
Zolboo ya tirẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ márùn-ún.
A rẹ́rìn-ín.
Dolgor kò rẹ́rìn-ín. Ó lóṣòó, ó kà á,
ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún.
"Èwo ló ti gbé kúrò nílẹ̀?"
Ọmọ ronú. Ó fi àtàǹpàkò ra ẹsẹ̀ kan títí ó fi ṣú bàìbàì,
ni ẹṣin bá gbéra.

Tèmi, Enerel, ọmọ ọdún méje, kì í sọ̀rọ̀.
Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ ní Kòríà,
bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ la fi ń gbélé.
Mo gbé àpò èédú lọ fún ààrò wọn,
mo bá a, ó fàyà bolẹ̀ lórí pákó.
Ó ti ya òkè wa. Ó ya àgọ́ gbogbo,
ó ya ajá aládùúgbò wa tó ń tiro,
ó ya ẹṣin kan tó tóbi ju òkè lọ, ó dú bíi kóró iṣin.
Àwọn páìpù dúró gangan.
Nǹkan kan ò jáde lẹ́nu wọn.
Òkè ọ̀run funfun láúláú.

Dolgor tẹjú mọ́ ọn pẹ́.
"Enerel, èéfín dà?"
Mo rò pé yóò mi orí bí ìṣe rẹ̀.
Ó gbé ọwọ́ sókè, dúdú dé ọrùn ọwọ́.
"Òun ni mo fi ya ẹṣin."

N ò mọ ohun tí mo sọ̀ kalẹ̀ nígbà náà,
bóyá àpò ni, bóyá ara mi.

Lálẹ́, mo bu omi gbígbóná, ó kọ̀, kò wẹwọ́.
Ó fa ọwọ́ tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ lẹ́bàá iná.
Àwọ̀ kan náà.
Ó wò wọ́n, ó tún wò wọ́n.
"Bàbá, kí ni ìwọ fi tìrẹ yà?"

Mo ṣì ń wá èsì.
Àpò tó kù nílẹ̀ fún ọ̀la jẹ́ mẹ́tàdínlógójì.