Orin Tí Kò Tíì Bẹ̀rẹ̀

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, Ìsọ̀kùn ò tíì jí.
Mo gbé fóònù sórí ògiri kànga,
mo fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó lórí
kí atẹ́gùn má baà fọn sí i létí.
Màmá mi ju korobá sísàlẹ̀.
Okùn ń lọ, ó ń lọ, ó ń ha etí kànga,
lẹ́yìn náà, gbọ̀ọ̀m,
omi gbà á.
Gbogbo ohun tí mo rí mú lọ́jọ́ náà nìyẹn:
ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá,
àti ikọ́ kékeré kan tí n kò mọ̀ pé ó bá a wọlé.

Mo fi í ránṣẹ́ sí Adéwùsì ní Ifẹ̀,
tó ń tún fìríìjì ṣe ní Lágere,
tó máa ń fi etí ti ara ẹ̀rọ bí ẹni ń gbọ́ àṣírí.
"Ṣe é bó ṣe wù ọ́," ni mo kọ sábẹ́ rẹ̀.
Adéwùsì fa gbọ̀ọ̀m yẹn gùn
bí ìyá àgbà ṣe ń rànwú;
ó di ìṣẹ́jú méje, kò já.
Ó ki fìríìjì kan tó ń kùn sábẹ́ rẹ̀,
èyí tí ẹni tó ni ín kò padà wá gbà,
ó wá tì í sọ́dọ̀ Ìbídàpọ̀ ní Ìpetu.

Ìbídàpọ̀ ò fi nǹkan kan kún un.
Yíyọ ló máa ń yọ ní tirẹ̀:
ó yọ okùn, ó yọ àkùkọ ilé kejì,
ó fi àlàfo sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà,
àlàfo náà sì ń dún.
Òun ló rí ikọ́ náà.
Ó yí i sẹ́yìn,
ó di ohun tó jọ ilẹ̀kùn tí ẹnìkan rọra ṣí lóru
kí ọmọ má baà jí.

Ọjọ́ kẹsàn-án ló padà dé ọwọ́ mi.
Mo mọ̀ ọ́n, n kò mọ̀ ọ́n,
bí ọmọ tó lọ gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀
tó dé pẹ̀lú ẹ̀rín ilé ibẹ̀.

Òṣómàáló ni bàbá tó bí màmá mi.
Ó ru aṣọ dé Èkìtì, dé Àkókó, ó tà á láwìn.
Oṣù pé, ó padà lọ,
ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè;
oúnjẹ ò wù ú, àga ò wù ú,
àfi kówó dé ọwọ́ rẹ̀.
Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni mí. Mo ń pín ìró fún ènìyàn,
n kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú ìwé.

Lálẹ́, iná wà. Mo so fóònù mọ́ sípíkà.
Màmá mi ń ṣa ìrẹsì. Ó gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin,
ó ní, "Ìgbà wo lorin ọ̀hún máa bẹ̀rẹ̀?"
"Ó ti bẹ̀rẹ̀ o, Màmá."
Ó dákẹ́. Ó tún ṣa òkúta méjì.
Ọwọ́ rẹ̀ wá dúró lórí atẹ.
"Korobá mi nìyẹn."
Bẹ́ẹ̀, èmi tí mo ká a sílẹ̀, n ò lè tọ́ka síbi tó wà mọ́.

"Èló ni wọ́n fún ọ?"
"Wọn ò fún mi lówó."
"Kí ni wọ́n wá fún ọ?"
"Wọ́n dá a padà."
Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ta ewúrẹ́, tó gba ewúrẹ́ bọ̀.
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.
N ò sọ fún un pé ikọ́ náà wà níbẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo ti gbé fóònù sórí ògiri.
Ó ju korobá. Okùn ń lọ. Gbọ̀ọ̀m.
Kò fà á kíá bó ti máa ń ṣe.
Ó jẹ́ kí omi fara balẹ̀ tán,
ó wá yíjú sí mi, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́:
"Ṣé ó wọlé?"
Mo fi orí dáhùn.
Ìbéèrè náà bá a wọlé.