Ẹni Tó Béèrè Ọ̀nà

Yàrá kan ní Kutaisi, lókè ilé ìtajà bàtà,
fèrèsé rẹ̀ kọjú sódò Rioni.
Kọ̀ǹpútà kan, aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá,
ìwé tí mo fà nílà, ife tíì tó ti tutù.
Iṣẹ́ mi ni kí n wo bí ojú ènìyàn ṣe ń rìn
lórí ìkànnì báǹkì mẹ́ta,
kí n kọ ibi tó ti kọsẹ̀ sílẹ̀.
Mi ò gbọdọ̀ nawọ́. Mi ò gbọdọ̀ mí kanlẹ̀.
Bí mo bá mí kanlẹ̀, wọ́n ní
mo ti júwe ọ̀nà fún un nìyẹn.

Eteri ló wọlé láàárọ̀,
ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, olùkọ́ kẹ́mísírì tó ti fẹ̀yìntì.
Awò ojú méjì ló so mọ́rùn,
ọ̀kan fún ìwé, ọ̀kan fún èèyàn.
Ó ní èwo ni kóun fi wo báǹkì?

Báǹkì kìíní gbé àwòrán òkè oníyìnyín síwájú,
ọ̀dọ́ méjì ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, eyín wọn funfun nigínnigín.
Eteri wá ibi tí wọ́n ti ń fowó ránṣẹ́ títí,
ó sú u, ó rẹ́rìn-ín padà sí wọn.
Bọ́tìnnì ọ̀hún wà o,
ó rí tín-ín-rín, àwọ̀ eérú lórí eérú.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin àbọ̀. Mo kọ ọ́.

Èkejì ń da ìbéèrè bo ìbéèrè:
orúkọ ìyá rẹ, ọdún tí wọ́n bí ọ, àdúgbò tí o gbé rí.
Kó tó dáhùn ìkẹta tán, wọ́n ti ilẹ̀kùn:
“Àkókò yín ti pé.”
Eteri ní, “Ọmọ tó dàgò jù ní kíláàsì mi,
mo máa ń fún un láyè jù báyìí lọ.”

Ìkẹta! Ojú rẹ̀ mọ́ bí àgbàlá tí wọ́n gbá ní ìdájí.
Lẹ́tà tóbi, ọ̀nà là gbọọrọ.
Inú mi dùn, mo tiẹ̀ fẹ́ pa ìwé dé.
Ó ku ìdánwò kan ṣoṣo:
“Ẹ ṣe bí ẹni pé wọ́n jí káàdì yín lọ́jà.
Ẹ wá báǹkì yìí fúnra yín.”

Ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa sọ ọ́ fún aládùúgbò:
káàdì mi ti sọ nù, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn tò wálẹ̀.
Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀,
a ò mọ èyí tínú ń run.
Ìkínní jẹ́ ìpolówó, ìkejì ń yáni lówó èlé,
ìkẹta ń jẹ́ orúkọ báǹkì wa, lẹ́tà kan ṣoṣo ló fi yàtọ̀.
Àgbàlá tó mọ́ yẹn ńkọ́?
Ìkẹtàlélógún ló wà, níbi tẹ́sẹ̀ ènìyàn kì í dé,
torí “ìdádúró ohun èlò ìsanwó” ni wọ́n kọ sára ògiri.
Ta ni wọ́n jí káàdì rẹ̀ tó ń ké bẹ́ẹ̀?

Eteri tẹ ìkẹta.
Ọ̀nà ibẹ̀ yọ̀ bí ilá.
Kò kọsẹ̀, kò ṣẹ́jú, kò pààrọ̀ awò.
Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá
ó ti yọ káàdì rẹ̀ gan-an nínú àpò,
ó ti ń tẹ nọ́ńbà.

Mo nawọ́.
Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo gbogbo bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà náà,
ife tíì dà sórí ìwé tí mo fà nílà.

Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.
Wọn ò sọ pé olè náà lè jókòó sí oríta,
kó máa fi sùúrù júwe.

Ó bọ́ awò ìwé, ó gbé ti èèyàn wọ̀, ó wò mí.
“Ṣé mo fìdí rẹmi ni?”
Mo ní, “Ẹ̀yin kọ́ la ń dán wò, màmá.”
Ó ní, “Owó ta ni ìbá lọ?”

Mo nu tábìlì. Lábẹ́ “ìkànnì tó rọrùn jù lọ”
mo kọ orúkọ tó fi lẹ́tà kan yàtọ̀.
Ọ̀sẹ̀ kejì, báǹkì dá mi lóhùn:
wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì béèrè
bóyá àwọ̀ ewé ló yẹ àwọn, àbí ti omi.