Èyí Kò Wúkọ́

Mo ti pààrọ̀ pọ́ǹpù epo.
Mo ti pààrọ̀ asẹ́ epo, mo tú táǹkì, mo fọ̀ ọ́,
mo bú gbogbo àwọn tó ń ta epo inú ìgò lójú ọ̀nà Ìlárá,
mo ní omi ni wọ́n fi lú u.
Láléyẹ sanwó. Kò sọ̀rọ̀.
Funfun ni píkọ́ọ̀pù rẹ̀, àfi ibi tí erùpẹ̀ pupa
ti di awọ kejì fún un, láti táyà dé ẹnu ilẹ̀kùn.
Á kó tòmátì, á jáde ní Kétu láàárọ̀,
kó tó dé Pọbẹ̀, á kú
bí àtùpà tí ẹnìkan fẹ́ pa: fìì.
Kò gbọ̀n, kò sín, kò rú èéfín.
Wọ́n á jókòó lábẹ́ igi mángòrò bíi wákàtí kan,
wọ́n á tún yí kọ́kọ́rọ́, á dáhùn
bí ọmọ tó sùn tó ní òun ò sùn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà wá bá mi.
Lẹ́ẹ̀kẹta, tòmátì ti ń ṣomi lẹ́yìn ọkọ̀,
eṣinṣin sọ gàráàjì mi di ọjà.
Ogún ọdún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí.
Mo mọ ẹ́ńjìnnì bí ìyá ṣe mọ ikọ́ ọmọ.
Èyí kò wúkọ́.

Rafíátù ló lanu, ọmọ iṣẹ́ ọlọ́dún méjì,
ó ń nu ọwọ́ sí àkísà tí kò lè nu nǹkan kan mọ́:
"Ọ̀gá, ṣé ó ti kú rí nígbà tó tutù?"
Mo ní rárá.
"Abẹ́rẹ́ tó ń ka eré ẹ́ńjìnnì ńkọ́?
Ṣé kì í kọ́kọ́ ṣubú kí ìyókù tó kú?"
Mo wo Láléyẹ.
Láléyẹ ní, "Ó máa ń ṣubú. Ẹ ò bi mí ni."

A tan ọkọ̀ kalẹ̀, a ń dúró kó kú,
bí ẹni ń ṣọ́ olè tó mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ òun.
Oòrùn kanrí. Wọ́n pe ìrun Àìlà. A kò kúrò níbẹ̀.
Ó kú.
Rafíátù ti wà lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ tó rẹ sínú omi àmù,
ó na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì,
ó fi aṣọ náà bo nǹkan kan tí kò ju ìka ọmọdé lọ.
"Ẹ yí i!"
Mo yí i. Ó dáhùn.

Sẹ́ńsọ̀ ni.
Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa ka eyín irin tó ń kọjá níwájú rẹ̀,
kó máa ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà: ó ti yí, ó ti yí, ó tún ti yí.
Bí ooru bá mú un, wáyà inú rẹ̀, tó tín-ín-rín ju irun lọ,
á ya níbi tí ojú ò tó,
ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu rẹ̀.
Kọ̀ǹpútà tí kò gbúròó rẹ̀ mọ́, á ní ẹ́ńjìnnì ti dúró,
á sé epo, á sé iná.
Ẹ́ńjìnnì wà láàyè, wọ́n ti sin ín.

Bóòtù kan péré ló dì í mú. Ó gbà wá ní ìrọ̀lẹ́ kan;
ìpata ti gbé bóòtù náà mì.
Mo fi mítà wọ̀n ọ́n nígbà tó tutù, nọ́ńbà jáde, ó dára.
Mo gbé e sójú ooru ìkòkò tíì tí ìyàwó mi gbé kaná:
nọ́ńbà gòkè, ó gòkè, ó pòórá.
Ìyàwó mi ní ṣé irin náà la fẹ́ mu ni.

Kò sí tuntun ní Kétu. A ránṣẹ́ sí Àjàṣẹ́,
ó dé lọ́jọ́ kejì lápò ọlọ́kadà kan.
Mo fi téèpù dí wáyà, mo so ó jìnnà sí páìpù èéfín
tó ti ń yan án láti ọjọ́ tí mo ti ń bú àwọn elépo.

Láléyẹ dé Pọbẹ̀, ó bọ̀, ó tún lọ.
Mo dá owó pọ́ǹpù padà fún un.
Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ ẹgbẹ̀rún méjì, ó nà án sí Rafíátù.

Sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ wà lórí ìṣó lókè tábìlì mi.
Ọmọ iṣẹ́ tuntun bi mí lánàá pé kí nìyẹn.
Mo ní kó lọ bi Rafíátù.